Bí Wọ́n Ṣe Yẹ̀ Mí Wò Kí N Tó Wọ Yàrá X-ray ní Àkúrẹ́

Ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ní Alágbàká ló gbà mí síṣẹ́ X-ray. Kí wọ́n tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ, wọ́n ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ara àti ti ọpọlọ ní ọsibítù. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń bá ìtànṣán, ìyẹn radiation, ṣiṣẹ́ ló rò pé kò ju kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ síwèé lọ. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ ohun tí wọ́n máa bi í.

Fọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi. Ṣé wárápá ti ṣe mí rí? Ṣé mo máa ń dákú? Àtọ̀gbẹ ńkọ́? Oògùn wo ni mò ń lò? Níbo ni mo ti bá ìtànṣán ṣiṣẹ́ rí? Mo mú àkọsílẹ̀ ìtànṣán mi dání láti ibi tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, inú dókítà sì dùn sí i. Ìdí ni pé òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò kò gbà kí ìtànṣán tí òṣìṣẹ́ máa gbà sára ju millisievert 100 (ohun tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara) lọ láàárín ọdún 5, kò sì gbọ́dọ̀ ju 50 lọ nínú ọdún kan ṣoṣo. Tí wọn ò bá mọ èyí tó o ti gbà sẹ́yìn, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣírò èyí tó kù?

Wọ́n bi mí bóyá mo lóyún. Mo ní rárá. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀ wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ra kù, tètè sọ o. Wọn ò ní tìtorí ẹ̀ lé ẹ.” Òótọ́ ló sọ. Látìgbà tí obìnrin bá ti sọ ọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣètò kí ohun tó máa kan ọmọ inú rẹ̀ má ju millisievert 1 lọ títí tó fi máa bí i. Ìyá mi ti ń fòyà pé iṣẹ́ yìí lè sọ mí di àgàn, nítorí náà mo bi dókítà. Ó ní ìtànṣán tó lè ba ilé ọmọ jẹ́ ju ohun tí òfin gbà fún òṣìṣẹ́ lọ fíìfíì.

Láti ibẹ̀, ó di láàbù. Ọ̀pọ̀ gbà pé ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ bóyá ìtànṣán ti wọ èèyàn lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n kékeré tí à ń gbà lẹ́nu iṣẹ́ kì í hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Àfi tó bá pọ̀ lápọ̀jù lẹ́ẹ̀kan náà, bíi nínú jàǹbá, ni sẹ́ẹ̀lì funfun kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń já wálẹ̀ kíá. Wọ́n gba tèmi kí wọ́n lè mọ bó ṣe rí kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè rí nǹkan fi wé e lọ́jọ́ iwájú. Báàjì àyà wa ló ń wọn ìtànṣán. Kírísítálì inú rẹ̀ máa ń gbà á pamọ́, tí wọ́n bá wá mú un gbóná, á tan ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni ìtànṣán tó gbà ṣe pọ̀ tó.

Dókítà ojú kán oògùn sí mi lójú, ó ní kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò pẹ́ tí ẹyinjú mi fi là gbàgà, tí lẹ́tà tó wà lórí ìwé ọwọ́ mi di bàìbàì. Ó wá fi iná tín-ín-rín wo inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ìtànṣán lè mú kí dígí inú ojú ṣú, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ àgbáyé fi dín ìwọ̀n tó yẹ kójú gbà lọ́dún kù láti millisievert 150 sí 20 lọ́dún 2011.

Ti ọpọlọ ló ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù. Ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ bi mí pé ṣé wọ́n rò pé orí mi ti dàrú ni. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì ń tún àwọn kan béèrè lọ́nà mìíràn kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìdáhùn rẹ bára mu. Lẹ́yìn náà ni èmi àti màmá tó ń ṣe àyẹ̀wò náà jọ jókòó sọ̀rọ̀: báwo ni mo ṣe ń sùn, ṣé mo máa ń mutí, ta ni mo máa ń sọ fún tí ọkàn mi bá wúwo? Ó wá ní, “Ká ní ọ̀gá ẹ ní kó o tẹ bọ́tìnnì, o sì rí i pé ilẹ̀kùn ò tíì pa dé, kí lo máa ṣe?”

“Mi ò ní tẹ̀ ẹ́, mà.”

“Tó bá bínú ńkọ́?”

“Màá bẹ̀ ẹ́, mà, ṣùgbọ́n mi ò ní tẹ̀ ẹ́.”

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n bi mí, èyí ni mo fọwọ́ pàtàkì mú jù. Wọ́n tọ́ wa pé a kì í já àgbà lóhùn, ó sì dára bẹ́ẹ̀; àmọ́ ẹni tí kò lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé “ẹ dúró ná, sà” kò yẹ kó wà nídìí ẹ̀rọ ìtànṣán, bí ara rẹ̀ ì báà le bí òkúta.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń yẹ àwọn tó ń darí ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ń fi núkílíà pèsè iná wò lọ́dún 2-2. Kò sẹ́ni tó lè máa dá rìn níbi tó ṣe kókó láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò. Wọ́n máa ń yàn wọ́n láìròtẹ́lẹ̀ fún àyẹ̀wò ọtí àti oògùn olóró, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fẹnu kan ọtí ní wákàtí 5 kí wọ́n tó wọṣẹ́. A ò tíì ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀rọ núkílíà kékeré ti ìwádìí ló wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello, ní Zaria, láti 2004. Ṣùgbọ́n àjọ NNRA, ìyẹn àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ núkílíà àti ìtànṣán, tó ń mójú tó ti Zaria náà ló ń mójú tó yàrá X-ray wa.

Wọ́n kọ ọ́ síwèé pé mo yẹ fún iṣẹ́, kí n ṣáà máa lo awò ojú. Mo gba ẹ̀dà ìwé náà. Ìlànà IAEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ núkílíà, ní kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ ìtànṣán òṣìṣẹ́ títí tó fi máa pé ẹni ọdún 75, kó má sì dín ní ọdún 30 lẹ́yìn tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ béèrè tiyín kẹ́ ẹ tó dá báàjì wọn padà.