Òfin Ilé Kíkọ́ ní Ìkòròdú: Bí Kọngílá Tuntun Ṣe Lè Rí I, Kó sì Yé E

Kí ẹ tó wá òfin, ẹ kọ́kọ́ mọ ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ yẹn wà. Odógúnyàn àti Ògìjó kò jìnnà síra rárá, ṣùgbọ́n Èkó ni ti àkọ́kọ́, Ògùn ni ti èkejì. Onílé á pe gbogbo rẹ̀ ní Ìkòròdú, kọngílá tuntun á sì bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gba sọ́fè, ìyẹn àwòrán tó fi ìwọ̀n àti ààlà ilẹ̀ hàn, lọ́wọ́ onílé, kí ẹ wo ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ Ṣágámù, ìjọba Ògùn lẹ máa lọ bá. Ohun tí mò ń sọ níbí, ti Èkó ni.

Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a ní 2003 pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú. Nítorí náà, òfin ètò ìlú Èkó ti 2010, tí wọ́n tún ṣe ní 2019, ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ ṣí àkójọ òfin ilé kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè tó jáde ní 2006, pàápàá fún àtẹ̀gùn àti ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà sá bí iná bá sọ. Ẹ má jókòó ti ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ mú ẹ̀dà sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì LASPPPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé, ní Ìkòròdú, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n fàyè gbà lórí ilẹ̀ yẹn gan-an: irú ilé, iye àjà, bó ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí títì, sí gọ́tà àti sí ààlà aládùúgbò. Ẹ ra nóòtù elẹ́yìn líle kan fún sáìtì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí òṣìṣẹ́ bá fẹnu sọ, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kó fi ibi tó wà nínú ìwé hàn yín.

Ẹ padà sí sáìtì, kí ẹ wọn ilẹ̀. Tépù mítà márùn-ún kò wúlò fún èyí. Ti mítà 30 ni kí ẹ lò. Bí owó kò bá tíì sí, okùn ọ̀rá tí ẹ so kókó sí ní mítà kọ̀ọ̀kan á ṣe é. Ẹ gbójú sókè wo waya iná. Ọ̀nà waya iná ńlá, tí a kò gbọ́dọ̀ kọ́lé sí, fẹ̀ tó mítà 30 fún waya 132kV, mítà 50 sì ni ti 330kV (kV ni wọ́n fi ń sọ bí iná inú waya ṣe lágbára tó). Láti àárín waya ni ẹ ti máa pín in sí ọ̀tún àti òsì.

Ìwé tí wọ́n ń béèrè kò nira: sọ́fè, ẹ̀rí pé onílé ló ni ilẹ̀, ìwé owó orí, àti àwòrán tí ayàwòrán ilé àti ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lu òǹtẹ̀ sí. Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀, kódà kí wọ́n kọ “owó fandéṣọ̀n” sí i gàdàgbà, kò sí lára wọn.

Ibi tí mo ti ń rí i tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù nìyí. LASPPPA á fún onílé ní ìwé àṣẹ, onílé á gbé e fún kọngílá, bíríkìlà á dé sáìtì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é! Àwòrán ni ìwé yẹn fọwọ́ sí. Iṣẹ́ kíkọ́ fúnra rẹ̀ wà lọ́wọ́ LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, àwọn ló ń fúnni láṣẹ láti bẹ̀rẹ̀, àwọn ló sì ń wá yẹ iṣẹ́ wò ní ìpele-ìpele. Bí wọ́n bá bá yín lẹ́nu iṣẹ́ láìsí àṣẹ wọn, wọ́n lè ti sáìtì pa, ẹ̀yin lẹ ó sì máa wá owó tí àwọn lébìrà ń béèrè.

Bí àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀ bá sì ti wà lọ́wọ́, ewu kò tíì tán. Irin tí kànkéré ti bò, kò sẹ́ni tó lè rí i mọ́. Ẹ pe òṣìṣẹ́ LASBCA nígbà tí irin ìpìlẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, kí ẹ tún pè é kí ẹ tó da dẹ́kìn. Ẹ má san owó míkísà títí wọn ó fi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ẹni tó ti sanwó míkísà kì í lè dúró. Ẹ ya fọ́tò irin pẹ̀lú tépù lórí rẹ̀. Ẹ bu kànkéré sínú kúùbù, àpótí kékeré tí wọ́n fi ń mọ ọ́n, fún ìdánwò ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28 ní LSMTL, ilé ìdánwò ohun èlò ìkọ́lé ti ìjọba Èkó. Ní apá Bayékù àti Ìbeṣè, níbi tí ilẹ̀ ti súnmọ́ ọ̀sà, ẹ ní kí wọ́n yẹ ilẹ̀ náà wò kí ẹnjiníà tó ya ìpìlẹ̀, kódà bó jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan péré.

Ẹ̀dà àwòrán tí wọ́n fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ wà ní sáìtì lójoojúmọ́. Ọ̀rá funfun ni kí ẹ fi wé e. Bí onílé bá ní kí ẹ fi àjà kan kún un, ẹ dá iṣẹ́ dúró títí wọn ó fi fọwọ́ sí àwòrán tuntun. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní 1 November 2021 pa ènìyàn tó lé ní 40, òṣìṣẹ́ sáìtì sì pọ̀ nínú wọn.

Bí iṣẹ́ bá parí, ìwé ẹ̀rí pé ilé yẹ fún gbígbé ló kù, LASBCA náà ló ń fúnni. Ẹ kọ ẹni tí yóò san owó rẹ̀ sínú àdéhùn yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì kó kọ́kọ́rọ́ fún onílé kí ìwé ẹ̀rí náà tó jáde.