MGB bàbá mi kì í gbà tó bá ti gbóná: ṣé kí n yọ kábúrétọ̀ kí n gbé injection sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. MGB 1971, ọkọ̀ kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ni bàbá mi gbé bọ̀ láti London, SU méjì, ìyẹn irú kábúrétọ̀ kan tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ló wà lórí ẹ̀. Láàárọ̀, tí mo bá ṣíná fún un, ẹ̀ẹ̀kan ló máa gbà, àmọ́ tí mo bá wà á dé Ọ̀yọ́ tí mo pa á bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ó parí nìyẹn, kò ní gbà mọ́ àfi tó bá tutù. Mẹkáníìkì kan ní kí n ju kábúrétọ̀ méjèèjì dànù kí n gbé injection sí i, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń fọ́n epo sí ẹ́ńjìnnì. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Àbúrò, dúró ná, má tíì náwó. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ooru ló ń bá ẹ jà. Nínú MGB, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kábúrétọ̀ àti páìpù èéfín wà, páìpù yẹn ló wà nísàlẹ̀, tó o bá wá pa ẹ́ńjìnnì afẹ́fẹ́ ò fẹ́ mọ́, ooru á gòkè, epo inú kábúrétọ̀ á máa hó. Irin pẹlẹbẹ kan ló yẹ kó dí ooru yẹn láàárín wọn. Ṣé ó wà níbẹ̀?

Ìbéèrè: Hà, kò sí o! Ẹni tó tú ẹ́ńjìnnì lọ́dún tó kọjá ni ò dá a padà. Slow ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dún nígbà tí mi ò tẹ̀ ẹ́, náà ò dúró, plọ́ọ̀gì sì dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ìdáhùn: Ṣó o rí i. Panel beater á gé irin yẹn fún ẹ. Plọ́ọ̀gì dúdú, epo ló pọ̀ jù. Yọ fílítà afẹ́fẹ́, yọ ìdérí kékeré tó wà lórí SU pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀, fi ìka gbé písítìnnì inú ẹ̀ sókè kó o sì fi sílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ kó dún kọ́! Tó bá ń rọra wálẹ̀ bí arúgbó tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ti dọ̀tí, fi petirólù fọ̀ ọ́, má fi sandpaper kàn án rárá o. Da ọ́ìlì 20W-50 díẹ̀ sí i kó o tó dé e padà. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, gbé písítìnnì yẹn sókè bíi mílímítà kan, tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré sí i tí kò padà, epo pọ̀, tó bá fẹ́ kú, epo kéré. Nọ́ọ̀tì tó wà nísàlẹ̀ SU ni wàá yí, tó bá lọ sókè epo ń dín kù. Díẹ̀díẹ̀ ni o, kó o sì ṣe méjèèjì bákan náà.

Ìbéèrè: Ṣé injection ò da ni, ẹ̀gbọ́n?

Ìdáhùn: Ó da gan-an, kì í jẹ epo jù, ó sì máa ń bá ooru àti òtútù mu fúnra ẹ̀. Àmọ́ páǹpù epo tìẹ, bíi 3 psi (agbára tó fi ń ti epo) ló ń gbé, injection ń fẹ́ 40 lọ sí 60, ìyẹn ni pé páǹpù tuntun, rọ́bà tuntun, páìpù tí epo máa gbà padà sí tánkì, sẹ́ńsọ̀, bréènbọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀). Ìpẹtà tánkì tó ti lé ní àádọ́ta ọdún á sì tètè dí injẹ́ktọ̀. 1962 títí dé 1980 tí wọ́n fi ṣe MGB, kábúrétọ̀ ni wọ́n ń gbé sí i. Ká ní ojoojúmọ́ lo máa ń wà á lọ Ìlọrin, tó o sì ní ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi laptop tún un ṣe, mi ò ní dá ẹ dúró. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń jáde lọ́jọ́ Sunday àti òde ìyàwó? Tí bréènbọ́ọ̀sì bá kú mọ́ ẹ lọ́wọ́ lọ́nà Ọ̀yọ́ lálẹ́, ta lo fẹ́ pè? SU, sípánà méjì lásán lo fi máa tú u.

Lọ gé irin yẹn ná, kó o wà á dé Ọ̀yọ́, kó o pa á, kó o jẹ àmàlà tán, kó o wá gbìyànjú ẹ̀ wò.