Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú àtúnyẹ̀wò ayò chess

Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, yálà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni tàbí ní ìgboro, bí ọ̀pẹ̀ méjì bá ta chess tán, ẹni tí wọ́n pa ni yóò kọ́kọ́ yọ fóònù, tí yóò kó gbogbo ayò náà fún Stockfish, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ń ta chess, tí yóò sì máa ka ìdájọ́ rẹ̀ bí ẹni ń ka èsì ìdánwò. Lójú tèmi, àṣìṣe yìí ló burú jù. Ẹ̀rọ náà mọ ayò ju ẹ̀dá ènìyàn kankan lọ, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ẹ ń rò nígbà tí ẹ sún ẹṣin yín, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú èrò yẹn gan-an ni àléébù ayò yín fara pamọ́ sí. Ẹ má ṣe ṣí i kí ẹ tó kọ èrò tiyín sílẹ̀, pàápàá ibi tí ẹ̀rù ti bà yín àti ibi tí ẹ kò tilẹ̀ wo ohun tí ẹnì kejì ń gbèrò.

Ẹni tí ó borí kì í sábà yẹ ayò rẹ̀ wò rárá. Ẹ wo ayò kúkúrú yìí: funfun sún pawn (ọmọ ayò kékeré) sí ojú e4 (lẹ́tà àti nọ́ńbà ni a fi ń pe ojú kọ̀ọ̀kan lórí pátákó), dúdú fi e5 dáhùn, ayaba funfun jáde sí h5, ẹṣin dúdú bọ́ sí c6, bíṣọ́ọ̀bù funfun dé c4, dúdú sún ẹṣin kejì sí f6, ayaba jẹ pawn orí f7, ọba dúdú sì há, ayò parí. Funfun yóò gbà pé ó dára kí ayaba tètè máa jáde. Ká ní dúdú sún pawn sí g6 dípò ẹṣin kejì yẹn ni, ayaba ìbá sá. Bí ó bá sì sá lọ sí f3 láti tún dójú lé f7, ẹṣin yóò wá sí f6 dí i lọ́nà.

Ẹ má ṣe jà lórí ìdá díẹ̀ tí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ẹnì kan fi ju ẹnì kejì lọ. Ìwọ̀n 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye pawn kan, 0.2 kì í pa ọ̀pẹ̀, ẹṣin tí a gbàgbé síta ló ń pa á.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnì kejì dìde kí ẹ tó bi í léèrè ohun tí ó ń bẹ̀rù, nítorí ó lè jẹ́ ìgbésẹ̀ tí kò wá sí yín lọ́kàn rí.