Ẹ fi 8 pín Mb/s kí ẹ tó dá àkókò fún oníbàárà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá ń kó fáìlì láti inú háàdì díìsìkì àtijọ́ gba orí okùn fáíbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo lẹ́tà "b" yẹn dáadáa. Mb/s tí wọ́n kọ sí ìlà fáíbà, bíìtì ni. MB/s tí wọ́n kọ sára SCSI àti IDE (ọ̀nà tí wọ́n fi ń so díìsìkì àtijọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà), báìtì ni, bíìtì 8 ló sì ń di báìtì 1.

Ẹ jẹ́ ká mú OC-3, irú ìlà fáíbà kan. 155.52 Mb/s ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi 8 pín in, ó di 19.44 MB/s. SONET, ìyẹn ètò tó ń gbé dátà lórí ìlà náà, ṣì máa yọ tirẹ̀ níbẹ̀, ohun tó kù fún ẹrù yín ò ju 149.76 Mb/s, ìyẹn 18.72 MB/s. Ultra SCSI tí à ń pè ní arúgbó, 20 MB/s ni tirẹ̀! Fáìlì 40 GB á gbà tó ìṣẹ́jú 36 lórí OC-3. Èmi ka 155 sí báìtì nígbà kan, mo ṣèlérí ìṣẹ́jú 4 fún oníbàárà kan. Ó jókòó tì mí, ó ń wo aago. Ó dùn mí gan-an.

SATA àkọ́kọ́, tí òun náà jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n fi ń so díìsìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, yàtọ̀ o: 1.5 Gb/s rẹ̀, 10 lẹ ó fi pín in, torí bíìtì 10 ló fi ń gbé bíìtì 8. 150 MB/s ló máa fún yín.

Díìsìkì àtijọ́ kì í sábà sáré tó ohun tí wọ́n kọ sára wáyà rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi 1 GB dán an wò.