Bí A Ṣe Ń Ṣe Ọ̀rọ̀ Aṣínà Tí Ọwọ́ Olè Kò Ní Tètè Tó

Ímeèlì ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ aṣínà (páásíwọ́ọ̀dù) rẹ̀ ṣe, kí ẹ tó kan Facebook tàbí áàpù mìíràn. Bí ẹ bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù yín níbikíbi, inú ímeèlì ni wọ́n sábà máa ń fi ọ̀nà àtiyí i padà ránṣẹ́ sí. Ẹni tí ó bá ti gba ímeèlì yín ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé, ó kù kí ó máa ṣí yàrá kọ̀ọ̀kan.

Gígùn ni agbára ọ̀rọ̀ aṣínà. Píìnì oní-nọ́ńbà mẹ́rin kò lè ju oríṣi 10,000 lọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà kéékèèké mẹ́jọ tí a tò láìlétò ní oríṣi tó ju bílíọ̀nù 208 lọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sì fi kún un yóò sọ iye yẹn di ìlọ́po 26. Síbẹ̀, olè kì í dán gbogbo rẹ̀ wò lẹ́sẹẹsẹ: orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù àti 123456 ni ó máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Nítorí náà oríkì yín kò yẹ níbẹ̀, torí gbogbo ẹbí ló mọ̀ ọ́n. Òwe tí tọmọdé tàgbà mọ̀ kò sì yẹ pẹ̀lú.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bá ara wọn tan. Bí mo bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Kubwa, mo lè mú agboòrùn tó fara ti ògiri, máásà tí ìyá Hausa ń dín lódìkejì, ìlẹ̀kẹ̀ àti pọ̀nmọ́, kí n kọ wọ́n báyìí: agboorun-masa-ileke-ponmo. Mo yọ àmì orí àti ti abẹ́ lẹ́tà kúrò, torí kì í ṣe orí gbogbo fóònù ni ènìyàn ti lè tẹ̀ wọ́n. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo èyí gan-an, ó ti di ti gbogbo ayé.)

Áàpù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ẹ lè lo áàpù tí ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà, irú bíi Bitwarden, tàbí kí ẹ kọ wọ́n sínú ìwé kan tí ẹ tì mọ́ inú àpótí nílé. Àwọn kan kò ní fara mọ́ ti ìwé yìí, ṣùgbọ́n olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè wá ṣí àpótí yín. Kò pọn dandan láti máa yí i padà lóṣooṣù. NIST, àjọ tí ń gbé ìlànà ààbò kọ̀ǹpútà kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2017. Ìgbà tí ẹ bá fura pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ni kí ẹ yí i.

Lórí WhatsApp, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Account, kí ẹ tẹ Two-step verification, kí ẹ sì yan píìnì oní-nọ́ńbà mẹ́fà. OTP, ìyẹn nọ́ńbà ìdánilójú tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì. Àwa tí a wà ní Òkè Ọya níbí ni mo ń bá wí jù: bí ènìyàn bá ti gbọ́ Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀, tí ẹnìkan wá fi Yorùbá tó dán mọ́rán pè é, "Ẹ káàsán mà, ilé ńkọ́?", ara a máa tètè dẹ̀.

Síìmù ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Nígbà tí àwọn "one chance" gba fóònù àbúrò mi nínú táksí ní Nyanya, fóònù náà wà ní títì, ṣùgbọ́n wọ́n yọ síìmù rẹ̀ sínú fóònù mìíràn, OTP rẹ̀ sì ń wọlé sọ́wọ́ wọn. Ẹ wá SIM lock nínú Settings kí ẹ fi píìnì sí i; ẹ kọ́kọ́ béèrè píìnì tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ni síìmù, nítorí bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò tì pa títí ẹ ó fi rí PUK, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń ṣí i padà. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tí a fi ń pe báǹkì yín sórí ìwé pélébé fún ẹnìkan nílé, torí inú fóònù nìkan ni ti àbúrò mi wà lọ́jọ́ náà.