Eré sísá abẹ́ òrùlé: bí ọmọ Ekiti ṣe lè múra kó tó débẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi ní Ekiti Kete, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti ju ẹni mẹ́ta lọ tó bi mí ní ìbéèrè kan náà lọ́dún yìí, ọ̀kan bàbá ẹ̀ fẹ́ mú un lọ Amẹ́ríkà, òmíràn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń bá a ṣe ìwé lọ́wọ́, gbogbo wọn sì ń sọ pé àwọn máa ń gba ipò kìíní ní inta-háòsì, ṣé àwọn á lè sá indoor, eré abẹ́ òrùlé tí wọ́n ń sá lóhùn-ún nígbà òtútù? Ẹ máa lè sá a. Àmọ́ ẹ má rò pé eré tí a ń sá ní pápá Olúyẹmí Káyọ̀dé ní Ado náà ni, tí wọ́n kàn fi páànù bò lórí. Èmi rò bẹ́ẹ̀, ojú mi sì rí nǹkan.

Mo ṣe SS1 ní Ado kí n tó lọ bá àwọn ẹbí mi ní Amẹ́ríkà, ìgbà òtútù méjì ni mo sì fi sá indoor fún ilé ìwé mi níbẹ̀. December ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ó máa ń dé March, ìgbà tí ọ̀yẹ́ ń mú wa nílé níbí gan-an nìyẹn.

Tíráàkì ìta mítà 400 ni, tinú ilé mítà 200 péré. Ẹ gbàgbé 100 mítà, 60 ni wọ́n ń sá. 400 á di ìyípo méjì, 800 á di mẹ́rin. Atẹ́gùn ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ẹ rántí Tobi Amusan, ọmọ Nàìjíríà tó ń sá 100 mítà onífífò (hurdles), ní ìdíje àgbáyé ní Eugene ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2022, ìṣẹ́jú àáyá 12.06 ló sá ní àṣekágbá ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń tì í lẹ́yìn ti ju mítà 2.0 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí òfin gbà lọ, wọn ò kà á sí rẹ́kọ́dù, 12.12 tó ti sá ní semi, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ni wọ́n kọ sílẹ̀ bíi rẹ́kọ́dù àgbáyé. Nínú ilé, iye tó o bá sá náà lo sá.

Bẹ́ńdì, ibi tí tíráàkì ti ń ká, ni ibi tọ́rọ̀ wà. Bẹ́ńdì inú ilé kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ara ẹ á máa fẹ́ fò jáde, àwọn ibi ńlá bíi The Armory ní New York wá gbé etí bẹ́ńdì wọn sókè bí ẹ̀gbẹ́ àwo, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i mo béèrè lọ́wọ́ kóòṣì pé ṣé ó ti wọ́ ni. Ibi kéékèèké lè má gbé e sókè rárá, ìyẹn tún burú jù. Lénì kìíní, ìlà tó wà nínú pátápátá, ló le jù, òun ló ká jù, kódà wọ́n yọ 200 mítà kúrò nínú ìdíje indoor àgbáyé lẹ́yìn ọdún 2004 torí pé lénì tí wọ́n bá fún ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ipò tó o máa gbà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe nìyí, pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé yín gbà á. Ẹ wá okùn tó gùn ní mítà 17, èèkàn méjì, téèpù, àti eérú. Ẹ kan èèkàn méjèèjì mọ́lẹ̀ kí àárín wọn jẹ́ mítà 46.6. Ẹ so okùn mọ́ èèkàn kan, kí ẹnì kan fà á le dáadáa kó sì máa rìn yípo lápá ìta, kí ẹlòmíì máa da eérú tẹ̀lé e, ìdajì òbíríkítí lẹ fẹ́. Ẹ ṣe ìkejì bákan náà, kẹ́ ẹ wá fi ìlà tó tọ́ méjì so wọ́n pọ̀. Mítà 200 nìyẹn. Tí èèyàn bá fẹ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ń ya ọ̀nà mọ́tò, ẹ jẹ́ kó ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ sá a wọ́ọ́rọ́wọ́. Láti kókósẹ̀ ni kí ara ti tẹ̀ sínú, kì í ṣe ọrùn nìkan, kí ọwọ́ òsì súnmọ́ ara, kí tọ̀tún fẹ̀ díẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n máa ń yí sí nígbà gbogbo, ẹsẹ̀ òsì ló sì máa ń jìyà ẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá ń sáré jẹ́jẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ yí sí ọ̀tún.

400 wá ni ibi tí wọ́n ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ìyípo kìíní, kálukú wà ní lénì ẹ̀, lẹ́yìn bẹ́ńdì kejì ìlà kan wà tí gbogbo yín á ti ya wọ inú. Èmi fi ọgbọ́n Ado sá a, mo ń tọ́jú agbára mi de ọgọ́rùn-ún tó kẹ́yìn. Ìgbà tí mo fi dé ìlà yẹn ẹni mẹ́rin ti wà níwájú, mo fẹ́ yà wọlé, ìgúnpá ẹnì kan bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà báyìí, gbì! Ẹnu mi ló yára, mo ní "ẹ jọ̀ọ́ sà." Ọmọ tá a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ o! Àwa mẹ́fà la sá a, èmi ni mo gbẹ̀yìn. Torí náà, 200 àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fi agbára sí, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìlà ló ni inú, ẹni tó bá sì fẹ́ kọjá lórí bẹ́ńdì á rìn jìnnà ju ẹlòmíì lọ. Ẹ kó ara yín jọ ní mẹ́rin-mẹ́rin, kẹ́ ẹ máa yà wọlé pọ̀ lórí òbíríkítí eérú yẹn títí tí ara yín ò fi ní bẹ̀rù ara ẹlòmíì mọ́.

Fún 60, òkè Ekiti tó yín. Ẹ wá ibi tó gun díẹ̀, mítà 30, kẹ́ ẹ máa ti ìdúró gbéra, mẹ́fà lójúmọ́ tó. Tẹ́ ẹ bá jáde ṣáájú ìbọn lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á lé yín, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ohun tí ẹnì kankan ò sọ fún mi ni ògiri. Lẹ́yìn ìlà òpin, àyè ò pọ̀, wọ́n á fi tìmùtìmù ńlá bo ògiri kẹ́ ẹ lè sáré lù ú, ọ̀pọ̀ wa la máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹsẹ̀ dúró láti mítà 50 nítorí ìbẹ̀rù. Ẹ gbé fóòmù họ́sítẹ̀lì ti ògiri kíláàsì kan kẹ́ ẹ máa sáré lù ú. Mi ò ṣeré o.

Ẹ wo bàtà yín. Ìṣó abẹ́ spikes, bàtà eré sísá, kò gbọdọ̀ ju mílímítà 6 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Mílímítà 9 ni tèmi, wọ́n ní kí n yọ ọ́, mo ń fi sípánà kékeré yí i, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mẹ́rin jáde, méjì tó kù ò mira torí pé iyẹ̀pẹ̀ pupa Ado ti dì sínú ihò wọn bíi sìmẹ́ǹtì. Bàtà kánfáàsì ni mo fi sáré lọ́jọ́ náà. Ẹ fọ bàtà yín kẹ́ ẹ tó dì í sínú báàgì jàre.

Oúnjẹ ńkọ́, ìdíje lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kó di alẹ́, iyán alẹ́ àná ò burú, tàárọ̀ ọjọ́ eré ni kẹ́ ẹ má dán wò. Búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wákàtí mẹ́ta ṣáájú ti tó.

Tẹ́ ẹ bá sá 800 tán, ọ̀fun yín á gbẹ, ẹ máa wúkọ́, ẹnu yín á máa rí bí ẹnu ẹni tó lá irin, afẹ́fẹ́ inú ibẹ̀ ló gbẹ torí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, bí ọ̀yẹ́ gan-an ló rí. Ẹni tó bá ti sáré nínú ọ̀yẹ́ January níbí á tètè mọ́ra. Màámi rò pé àìsàn ni, wọ́n di orógbó méjì sínú páálí spikes mi. Kóòṣì rí i, ó ní kí lèyí, mo ní oògùn ikọ́, ó gé díẹ̀ jẹ, bó ṣe tutọ́ ẹ̀ sílẹ̀ báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíráàkì, mi ò lè gbàgbé ojú ẹ̀ láéláé.