Ilẹ̀kùn ìrókò tó ná mi lówó

Ẹni tó ni máṣíìnì tí mo gbé pákó lọ fá ní kí n san owó ọ̀bẹ rẹ̀ pátá, ó ní igi mi ló bà á jẹ́. Ṣé èmi ni mo ki òkúta sínú igi ni? Inú ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Oníbàárà mi ló ní ìrókò lòun fẹ́ fún ilẹ̀kùn àbáwọlé ilé tó kọ́ sí Tańkẹ̀, ní Ìlọrin níbí. Mo ní, "Àlàájì, ẹ jẹ́ ká fi igi apá ṣe é." Wọ́n ní rárá, ìrókò ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá àwọn, ikán ò sì rí i jẹ títí dòní. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ikán kì í jẹ inú ìrókò tó pọ́n, òjò kì í sì í tètè rà á. Mo lọ sí sọ́mìlì, mo yan pákó íǹṣì 2×12 tó gbẹ dáadáa, a gbé e lọ sídìí máṣíìnì.

Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Àfi bí ọ̀kan ṣe dé àárín, tí máṣíìnì figbe ta, tí iná ṣẹ́ yọ. Ọmọ tó ń ti pákó sáré pa máṣíìnì. Nígbà tí a yọ pákó jáde, ìlà kan ti là gbọọrọ lójú rẹ̀, ẹnu ọ̀bẹ sì ti kán. Mo fi ìṣó kan ibẹ̀, ó ń dún kó kó kó. Ohun funfun kan ni, kò ju hóró ẹ̀wà lọ lójú pákó, àmọ́ bí mo ṣe ń gbẹ́ ẹ ló ń gùn lọ sínú.

Òkúta ìrókò nìyẹn. Igi náà ló ń ṣe é sínú ara rẹ̀, irú ohun tó wà nínú èèpo ẹyin gan-an ni. "Ọ̀gá, ẹ máa san owó ọ̀bẹ o," ni wọ́n ń wí fún mi. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà. Mo san án. Àlàájì ò fi kọ́bọ̀ kan kún owó iṣẹ́.

Ọwọ́ ni mo fi fá ìyókù. Iyẹ̀ ìrókò ń mú mi sín, ọrùn ń yún mi, kódà lóru. Ẹ fi aṣọ bo imú yín, ẹ má ṣe bíi pé ó kéré. Kẹ́ ẹ tó gbé pákó ìrókò sórí máṣíìnì, ẹ wo ibi tó bá dúdú ju ara yòókù lọ, ẹ fi ìṣó kan ibẹ̀ wò. Òkúta sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn yẹn dára, mi ò ní purọ́. Àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó, orúkọ mi ni wọ́n sì ń béèrè.

Síbẹ̀, apá ni tèmi. Ó wúwo, ó le, ṣùgbọ́n kì í fi nǹkan pamọ́ fún káfíńtà, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sún kì bó bá gbẹ. Àfàrà dára fún inú ilé, ó rọrùn láti rẹ́, àmọ́ ikán fẹ́ràn rẹ̀. Àrère? Ẹ má gbé e síta rárá. Bẹ́ ẹ bá fi apá ṣe tábìlì, ẹ kùn ún ní fáníìṣì kí ẹnikẹ́ni tó tẹ́ aṣọ funfun lé e, torí tí omi bá kàn án, àwọ̀ yẹ́lò ló máa yọ sára aṣọ.